Bọ́tìnnì Tó Wà Lápá Mọ́mì

Fúnkẹ́ na gbalaja sílẹ̀, orí àti èjìká rẹ̀ ti wọ abẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, ó ń fi iná fóònù tan ibẹ̀ kiri bí ẹni tí òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ já bọ́. Àárọ̀ Sátidé ni, aago mẹ́wàá ò tíì lù. Màmá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó ń wo gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Bí o bá tán lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," Màmá sọ, "má gbàgbé inú Bíbélì mi. Ó ṣeé ṣe kí n ti fi odidi iṣu kan há àárín Jẹ́nẹ́sísì."

"Mọ́mì, mi ò bá yín ṣeré o."

"Èmi náà ò ṣeré. Tú gèlè mi wò. Ní kí n lanu, kí o wo abẹ́ ahọ́n mi."

Fúnkẹ́ wọ́ ara rẹ̀ jáde, eruku lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Gbogbo ohun tó rí kò ju ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan àti ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì tọdún èṣí lọ. Kò sí bisikíìtì, kò sí ẹ̀pà, kò sí èérún búrẹ́dì. Ìgbà tí Màmá ṣì wà ní gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé, tó ń to ẹrù bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́. Ó ti gbọn ìrọ̀rí, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò gbogbo ẹ̀wù tó wà lára ìkọ́. Àìrí nǹkan kan gan-an ló tún wá ń bí i nínú sí i.

Fóònù bá ké lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn náà dà bí ti òròmọdìẹ tó sọnù, kò sì sí ibi tí Fúnkẹ́ kì í ti í gbọ́ ọ mọ́, títí kan ojú àlá. Ó wo ojú fóònù: 291.

Bọ́tìnnì funfun kan ló ń bá fóònù yìí sọ̀rọ̀. Kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ẹ̀yìn apá òsì Màmá ló lẹ̀ mọ́. Dókítà ló fi síbẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí Màmá ní ìka òun ti di ajere, kí wọ́n yéé fi abẹ́rẹ́ gún òun mọ́. Iṣẹ́ bọ́tìnnì náà ni kó máa wọn súgà ara Màmá, kó sì máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Fúnkẹ́ níbi yòówù tó bá wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara tu gbogbo wọn. Nọ́ńbà ń lọ déédéé. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn tí nọ́ńbà gun òkè, tó sì jókòó síbẹ̀. Fúnkẹ́ á wà ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ fún àwọn ará Lawrenceville, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó, èrò á tò bẹẹrẹ síwájú rẹ̀, fóònù á ké. Á tọrọ gáfárà, á sá lọ sẹ́yìn, á pe ilé.

"Mọ́mì, kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀wà. Ṣíbí mẹ́rin, bí o ṣe wọ̀n ọ́n."

"Lẹ́yìn ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ìbànújẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti fi kún ínsúlínì rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń fa súgà wálẹ̀. Ó wá fún wọn ní ìwé pélébé kan: bí nọ́ńbà bá ju báyìí lọ, ẹ fi báyìí kún abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń sọ pé ebi ń pa òun, òógùn ń bo òun, àyà òun ń lù kìkì. Ebi yìí gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá Fúnkẹ́ lójú. Ta ni ebi máa pa báyẹn tí kò ní wá nǹkan fi sẹ́nu? Ó ra àgádágodo, ó fi ti kọ́bọ́ọ̀dù tí búrẹ́dì, ṣúgà àti oyin wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lára ìdè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"291, Mọ́mì. Ẹyin kan àti ẹ̀fọ́ lẹ jẹ láàárọ̀. Ẹyin kan ò lè ṣe báyìí."

"Bọ́tìnnì yín ló ń jẹun. Ẹ bi í."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ìyá rẹ ló ń purọ́. Mo ti gbọ́." Màmá tú ọwọ́ kúrò láyà. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń yẹ àpò àwọn ọmọ wò fún gúgúrú. Mi ò mọ̀ pé ó máa kàn mí."

"Ṣé ẹ rí i, ìdí tí mo fi ní ká lọ sí Jonesboro lọ́jọ́ Ajé nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ Jonesboro yìí ló ti da ilé náà rú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Obìnrin kan tí òun àti Fúnkẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì ń gbé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n ń wọn oúnjẹ, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnu. Fúnkẹ́ ti pè wọ́n, wọ́n sì ti ní kó mú Màmá wá wo yàrá tó ṣófo. Adédayọ̀ ọkọ rẹ̀ ò fọwọ́ sí i, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni Adédayọ̀ ń wà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin lójú títì kó tó wálé, Praise ọmọ wọn sì ti lọ sí yunifásítì. Ta ló kù tí yóò máa ṣọ́ Màmá? Bí súgà bá pa ojú rẹ̀ ńkọ́? Bó bá mú kíndìnrín rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ké ni Fúnkẹ́ ń rí i bí ẹni ń gé ẹsẹ̀ ìyá òun.

"Mi ò lọ sí Jonesboro kankan," Màmá dáhùn. "Bí mo bá sú ọ, dá mi padà sílé."

"Ta ló ní ẹ sú mi?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó hàn lójú rẹ."

Fúnkẹ́ ò lágbára àríyànjiyàn mọ́. Ó ka ìwé pélébé dókítà, ó yí ìdí abẹ́rẹ́ títí dé ibi tí ìwé ní kó dé, ó gbé ẹ̀wù Màmá sókè díẹ̀, ó sì gún un níkùn. Màmá ò wo ojú rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí aládùúgbò wọn ti ń gé koríko.

Nígbà tó fi máa di ọwọ́ ọ̀sán, Fúnkẹ́ wà nídìí tábìlì ìdáná, ó ń gé ilá. Màmá wà ní pálọ̀.

"Fúnkẹ́, ojú ń ṣú mi."

Fúnkẹ́ fi ìka tó mọ́ kan fóònù. "158 ni, Mọ́mì. Ó ti ń wálẹ̀. Kò sóhun tó ń ṣe yín."

"Mo ní ojú ń ṣú mi, o ń ka nọ́ńbà fún mi."

"Ẹ sinmi. Ó máa lọ."

"Ebi ń pa mí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Mọ́mì, ẹ ò ní rí búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá ò dá a lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù ti ba Fúnkẹ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa sọ sí Màmá tí kò ní fi tirẹ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n inú ló ń bí i, ó ń gé ilá lọ ràì.

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí, Adédayọ̀ wọlé, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Màmá gbé ojú sókè, ó wò ó pẹ́.

"Bàbá Fúnkẹ́," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ ti dé?"

Bàbá Fúnkẹ́ ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Adédayọ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó tutù, ó sì rin gbìndìn. "Fúnkẹ́! Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń gún ìka dà?"

"Fóònù ní 158 ni, kò —"

"Mo ní ẹ̀rọ ìka dà!"

Inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n ti rí i. Adédayọ̀ gún ìka Màmá, ẹ̀jẹ̀ yọ, ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó sì gbé nọ́ńbà jáde: 48. Ó tún ìka mìíràn gún. 46. Bí súgà bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ewu dé.

Fúnkẹ́ fi eré dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣúgà wà nínú rẹ̀. Oyin wà nínú rẹ̀. Àgádágodo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ síbẹ̀ ń wò ó. Ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, kò rí i. Ó da báàgì náà sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yọ, àmọ́ kò mọ èwo ni ti ọkọ̀, èwo ni ti ọ́fíìsì. Kó tó rí ojú ihò, Adédayọ̀ ti sáré lọ síbi ọkọ̀, ó ti sáré padà, ó sì ti ń fi ẹnu agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ọ̀nà rẹ̀ kan Màmá lẹ́nu.

"Ẹ mu ún, Mọ́mì. Díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé e mì."

"Ṣé kí n pe pàjáwìrì?" Fúnkẹ́ béèrè, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí kò bá gbé e mì, pè wọ́n. Ó ti ń gbé e mì. Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ẹ tún un mu."

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Wọ́n gún ìka: 74. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n tún un gún, ó ti di 103, Màmá sì ti ń béèrè ẹni tó da ọtí sí òun láyà. Fúnkẹ́ wo fóònù. Bọ́tìnnì ní 214.

Ó jókòó sílẹ̀ lórí káńpẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀sì tó ń gba ìpè fún dókítà wọn lọ́jọ́ ìsinmi ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ àfikún kankan mọ́, ìka ni kí wọ́n máa gún títí dókítà fi máa rí i, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn Màmá lọ bá apòògùn lónìí olónìí, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Fúnkẹ́ àti Màmá ṣe dé Decatur nìyẹn, nílé ìtajà oògùn tí Asiyah ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Asiyah, ọdún rẹ̀ ò tíì pé ogójì, híjáàbù rẹ̀ máa ń bá àwọ̀ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bó ṣe rí Màmá ló jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan láàárín àwọn òyìnbó tó ń dúró gba oògùn.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrìn o. Wọ́n ní súgà yín ń bá àwọn èèyàn jà."

"Àwọn èèyàn ló ń bá mi jà, ọmọ mi."

Asiyah mú wọn lọ sí yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó to ìgò oògùn síwájú, ó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dá wọn padà sínú ọ̀rá. "Gbogbo èyí dáa. Mọ́mì, yàtọ̀ sí ti dókítà, kí lẹ tún ń lò? Mi ò ní bínú. Ìyá tó bí èmi, omi ewúro ló ń mu láràárọ̀, ẹ sì rí iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe."

Màmá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo Fúnkẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. "Sọ fún un kó má pariwo."

"Aunty Fúnkẹ́ ò ní pariwo."

"Mi ò ní pariwo!" Fúnkẹ́ sọ. Obìnrin kan yọjú wò wọ́n láti ìta.

Màmá tún ìró rẹ̀ ṣe. "Síńkì ni, oògùn tó ń fún ara lókun. Èyí tó máa ń hó tí wọ́n bá jù ú sómi. Ẹyọ méjì láàárọ̀, ẹyọ méjì nírọ̀lẹ́."

"Síńkì wo?" Fúnkẹ́ dìde. "Níbo ló wà? Kò síbi tí mi ò wá nínú ilé yẹn!"

"O ò wá inú páálí tó ń lọ sílé."

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tú síta. Nínú gáréèjì ni páálí ńlá kan wà tí Màmá ń kó ẹrù sí fún àwọn ará ilé, aṣọ, bàtà, ọṣẹ, àti oògùn, bí gbogbo ará wa ní ìlú yìí ṣe ń ṣe. Ìyá Samirah, àbúrò Màmá ní Ìsẹ́yìn, náà ní àtọ̀gbẹ. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nílé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé síńkì ò tó nínú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun wá èyí tó dáa. Màmá ra ìgò mẹ́wàá, ó rí ẹni tó ń rìnrìn àjò, ó fi mẹ́ta ránṣẹ́, ó sì kó ìyókù sínú páálí.

"Àbúrò mi ni, ìyá kan, bàbá kan," Màmá ṣàlàyé fún Asiyah, ó kọ ẹ̀yìn sí Fúnkẹ́. "Ojú wa jọra, ohùn wa jọra, àìsàn kan náà ló ń ṣe wá. Bí síńkì ò bá tó lára tirẹ̀, ṣé ó lè tó lára tèmi? Kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

"Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lẹ fi ń lo oògùn!" Fúnkẹ́ ní.

"Ẹlòmíì kọ́. Àbúrò mi ni mo ní."

"Mọ́mì!"

"Ṣé o rí i? Ó ní òun ò ní pariwo."

Asiyah ò rẹ́rìn-ín. Ó ti wá àwòrán oògùn náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. "Ṣé èyí ni, Mọ́mì?"

"Òun gan-an ni."

"Síńkì inú rẹ̀ kọ́ ló ṣe yín ní nǹkan kan," ó sọ. "Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò yín. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa ń tọ síńkì dànù ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá wá dínkù lára, tí wọ́n dá a padà níwọ̀nba, ó lè ran súgà lọ́wọ́ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o, kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣìkejì rẹ̀ nínú oògùn yìí. Fítámì C ni, ó pọ̀ gan-an. Ẹyọ mẹ́rin lójúmọ́! Bọ́tìnnì tó wà lápá yín ò mọ fítámì C yàtọ̀ sí súgà. Bí fítámì bá pọ̀ lára, súgà ló máa kà á sí."

Fúnkẹ́ jókòó padà. "Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún wa?"

"Ó wà nínú ìwé tó bá bọ́tìnnì wá, Aunty. Ṣé ẹ kà á?"

Fúnkẹ́ rántí ìwé náà. Ó gùn bí aṣọ àwọ̀lékè, lẹ́tà rẹ̀ sì rí wínníwínní. Inú ike ìdalẹ̀nù ló jù ú sí lọ́jọ́ tí wọ́n dé láti ọ̀dọ̀ dókítà.

"Wá ná," Màmá sọ. "Nígbà tí bọ́tìnnì ń sọ pé 280, pé 291, kí ni mo jẹ?"

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan, Mọ́mì. Ó jọ pé súgà yín ò burú rárá. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń lé e ló ń fà á wálẹ̀ jù."

"Tún un sọ."

"Ẹ ò jẹ nǹkan kan."

"Kọjú sí ọmọ mi kí o sọ ọ́."

Asiyah kọjú sí Fúnkẹ́, ojú sì tì í fún un. "Wọn ò jẹ nǹkan kan, Aunty."

Wọ́n ti jáde kúrò ní Decatur, wọ́n ń padà lọ sílé. Fúnkẹ́ di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Mọ́mì," ó sọ. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fi ń lo nǹkan tí ẹ ò sọ fún mi. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Fúnkẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi pè mí ní olè nínú ilé rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Ìyá Ìbùkúnolúwa fún mi ní ewé ní ṣọ́ọ̀ṣì, o dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, o sì fa omi sí i, lójú mi."

"Ewé tí a ò mọ̀ ni!"

"Èmi mọ̀ ọ́n. O ò bi mí."

Iná ojú ọ̀nà pọ́n. Fúnkẹ́ dúró. Ó fẹ́ fìbínú sọ̀rọ̀, ó tún fẹ́ sunkún, kò sì mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Màmá ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú.

"Bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án láàárọ̀ níbí," Màmá sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ọ̀sán ni ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Samirah ti jẹun, ó ti kírun. Ó máa pè mí lórí fídíò. Á ju tirẹ̀ sínú ife, èmi náà á ju tèmi. A máa jọ wo bó ṣe ń hó. Òun á ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ó dọwọ́ yín,' a ó sì jọ mu ún. Lẹ́yìn náà, á béèrè bí mo ṣe sùn, bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń ṣe, ohun tí mo lá. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, òun nìkan ló ń béèrè bí ara mi ṣe rí. Ìwọ, ohun tí mo jẹ lò ń béèrè."

Iná ti di àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ ẹ̀yìn fọn fèrè. Fúnkẹ́ ò tètè gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí àgádágodo, ó sì jù ú dànù tòun ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó wá sí pálọ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, orúnkún méjèèjì.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo fi yín ṣe olè oúnjẹ. Ẹ sọ fún mi pé ojú ń ṣú yín, mo ń ka nọ́ńbà."

"Dìde, orúnkún rẹ ò dáa."

"Ẹ ní ẹ ti dárí jì mí ná."

"Bí mo bá ní mi ò dárí jì ọ́, ta ló máa gbé ọ dìde?" Màmá nawọ́ sí i. "Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n sọ. Àmọ́ ẹnu rẹ mú jù, Fúnkẹ́. Bàbá rẹ lo jọ."

Lọ́jọ́ Ajé, kí ọ́fíìsì tó ṣí, Fúnkẹ́ pe Jonesboro, ó ní kí wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíì. Obìnrin tó gbé ìpè béèrè bóyá ó fẹ́ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fúnkẹ́ ní rárá, ìyá òun ò ní wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, dókítà dá ínsúlínì Màmá padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kó fi oògùn tó ń hó sílẹ̀ pátápátá, kí bọ́tìnnì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n gún ìka bí nọ́ńbà àti ara bá ń sọ ohun tó yàtọ̀ síra. Màmá ò jẹ́ kí dókítà dìde.

"Sọ fún un kó yẹ síńkì mi wò," ó sọ fún Fúnkẹ́. "Tèmi. Kì í ṣe ti Ìyá Samirah."

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni èsì dé sórí fóònù Fúnkẹ́, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí sítóòfù kó tó lè sọ ọ́ jáde. Síńkì Màmá dínkù. Àdínkù náà ò tó ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí, àmọ́ ó dínkù. Dókítà ní kó máa lo ẹyọ kékeré kan lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, síńkì nìkan, tí kò ní fítámì kankan nínú, fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò.

Màmá dìde, ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní àgádágodo mọ́, ó mú ìlàjì búrẹ́dì kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó, ó sì ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọba.

"Ẹ sọ ọ́ jáde," Fúnkẹ́ ní. "Ẹ sọ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó lè tán."

"Ọmọ ìyá kan náà ni wá," Màmá dáhùn.

Adédayọ̀ gbé ojú rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ife kọfí, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni!" Fúnkẹ́ kígbe. "Ẹ ṣèèṣì ni! Kì í ṣe pé ẹ mọ̀ ọ́n!"

"Mo gbọ́, ìyá mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Màmá gba inú ilé ìdáná kọjá lọ sí gáréèjì, ó mú ife omi lọ́wọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì pélébé kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Fúnkẹ́ ń nu tábìlì. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn gáréèjì pa dé. Ó gbọ́ ohùn fídíò tó ń dún, àti ẹ̀rín. Ó fi àkísà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé àga kan, ó sì tẹ̀lé ìyá rẹ̀.

Àga ike ni Màmá jókòó lé láàárín páálí àti ẹ̀rọ ìgékoríko. Ó ti gbé fóònù tirẹ̀ ti ara ìgò ọṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn Ìyá Samirah jáde láti Ìsẹ́yìn, àkùkọ sì ń kọ lẹ́yìn rẹ̀, "ta ló wà lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé ọlọ́pàá oúnjẹ ni?"

"Òun ni."

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Samirah," Fúnkẹ́ ní, ó tẹ̀ ba síwájú fóònù.

"Kí ló tún wá yẹ̀ wò?"

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Fúnkẹ́ gbé àga sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ó jókòó.

"Mọ́mì," ó sọ, "báwo ni ara yín ṣe rí lónìí?"

Màmá ju tábúlẹ́ẹ̀tì sẹ́nu, ó fi omi sìn ín, ó rọra gbé ife sílẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Jókòó dáadáa," ó sọ. "Ó máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ tán."